Kọlẹ́sitẹ́róòlù àjogúnbá: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì nínú ẹbí?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi ṣubú lulẹ̀ lójijì nígbà tí wọ́n wà ní 46, wọn ò jí mọ́. Àbúrò wọn ọkùnrin náà lọ bẹ́ẹ̀ ní 51. Dókítà tó ń tọ́jú àbúrò bàbá mi yìí kó tó kú ti sọ pé kọlẹ́sitẹ́róòlù rẹ̀ ga kọjá bó ṣe yẹ, pé ó jọ èyí tí wọ́n ń jogún. Èmi ti pé 29. Ara mi le, mi ò sanra, mo ń sáré láràárọ̀. Mo wá rí àyẹ̀wò jíìnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èèyàn á tutọ́ sínú ike, á fi ránṣẹ́, èsì á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní jìbìtì ni. Àbúrò mi obìnrin ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí rárá. Ṣé kí n rà á, àbí kí n tọ́jú owó mi?

* * *

Má tíì rà á, àbúrò. Kì í ṣe pé jìbìtì ni o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó jíìnì lé lórí nínú ẹbí yín. Ohun tí wàá ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni pé kí o lọ sí láàbù, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n wo kọlẹ́sitẹ́róòlù rẹ, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní LDL, irú kọlẹ́sitẹ́róòlù tó ń lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ bó bá pọ̀ jù. Kò wọ́n, kò sì pẹ́. Gbé èsì náà padà wá síbí ká jọ wò ó.

Ẹ kú ará fẹ́ra kù ti bàbá yín. Mo mọ bó ṣe ń rí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni tiwa ti wá. Ẹni ọdún 48 ni wọ́n, wọ́n tín-ín-rín, ọ̀rá kì í pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n kú, gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn pé kí ló ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi rọ́, tí nọ́ọ̀sì tó ń dì í fún mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi, ó dánu dúró, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, kókó wo lèyí? Kọlẹ́sitẹ́róòlù máa ń kó jọ síbí. Ṣé ẹ ti wo tiyín rí?" Mi ò wò ó rí. Mo wà ní 34. LDL mi jẹ́ 287, bẹ́ẹ̀ 190 ti ga jù fún àgbàlagbà.

* * *

Àwọn kan ti ń sọ pé oúnjẹ ni, kí èèyàn ṣáà dín ọ̀rá kù. Oúnjẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń sọ níbí nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀ ló ń kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni nǹkan kan wà tó dà bí ìkọ́, tó ń mú LDL bó ṣe ń kọjá lọ, tó sì ń fà á wọlé. Jíìnì tó ń jẹ́ LDLR ló ní ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkọ́ náà. Àwọn méjì ará Amẹ́ríkà, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló tú àṣírí rẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1985. Bí àṣìkọ bá wà nínú jíìnì yìí, ìkọ́ á dín, tàbí kí ìkọ́ wà ṣùgbọ́n kó má lè di nǹkan mú. Jíìnì méjì mìíràn tún wà tó lè dá irú wàhálà kan náà sílẹ̀: APOB, tó ń ṣe ibi tí ìkọ́ náà ti ń di LDL mú, àti PCSK9, tó ń ba ìkọ́ jẹ́ bí ó bá ṣiṣẹ́ jù. LDLR ló pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ní àìsàn yìí, oúnjẹ kọ́ ló sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Láti ọjọ́ ìkókó ni LDL ti ń yí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí wọn ò bá tọ́jú wọn, bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ní in ni àrùn ọkàn máa ń mú kí wọ́n tó pé 50, àti nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin kí wọ́n tó pé 60. Sísáré láràárọ̀ dára púpọ̀, má dáwọ́ rẹ̀ dúró, àmọ́ kò lè tún ìkọ́ tí kò sí ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í gbọ́ nìyí o. AS àti SS ti wọ̀ wá létí: ẹni tó jẹ́ AS kò ṣàìsàn, ó kàn gbé e lọ́wọ́ ni, ọmọ gbọ́dọ̀ gba S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kó tó di SS. Tiwa yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì ẹyọ kan tó ní àṣìkọ, láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ti tó. Kò sí "mo kàn gbé e lọ́wọ́ ni" nínú rẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá bí, bí ẹni ta owó ẹyọ sókè ni, orí tàbí ìrù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ló ní irú ẹlẹ́yọ kan yìí. Bí bàbá àti ìyá bá wá ní in pa pọ̀, tí ọmọ sì gba ti àwọn méjèèjì, LDL ọmọ náà lè kọjá 500, àrùn ọkàn sì lè mú un kó tó pé ogún ọdún. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an, bí ẹnì kan nínú 300,000.

* * *

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ìdí tí mi ò fi gbọ́dọ̀ ra ti itọ́ yẹn. Bí jíìnì bá ni, ṣé kì í ṣe jíìnì ló yẹ kí n wò?

* * *

Ìbéèrè rere. Ronú nípa jíìnì náà bí ìwé ńlá kan. Ó ju 2,000 ibi lọ tí wọ́n ti rí àṣìkọ nínú LDLR nìkan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹbí kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tirẹ̀. Àyẹ̀wò tó ka ìwé náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tó kàn ṣí ojú ìwé mélòó kan wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ti itọ́ olówó pọ́ọ́kú, ojú ìwé mélòó kan ni wọ́n ń ṣí. Nígbà tí 23andMe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ta àyẹ̀wò itọ́, gbé tirẹ̀ jáde fún kọlẹ́sitẹ́róòlù àjogúnbá, àṣìkọ 24 ló ń wá. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú 24 yẹn lára rẹ, ó ṣeé gbọ́kàn lé dé àyè kan, àmọ́ láàbù ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó dájú. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ. Ojú ìwé tí àṣìkọ ẹbí yín wà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣí i rárá.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Ọmọ ọdún 29 tí bàbá rẹ̀ kú ní 46 á gba lẹ́tà pé "a kò rí àṣìkọ kankan", á mí kanlẹ̀, á sì gbàgbé láàbù fún ogún ọdún. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìwé náà hàn wá bí ẹni fi ìwé ẹ̀rí hàn. Nígbà tó yá ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún nǹkan mìíràn, LDL rẹ̀ jẹ́ 241.

* * *

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù: Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń fi jíìnì da àwọn èèyàn láàmú. Èmi ni mò ń fa ẹ̀jẹ̀ yìí lójoojúmọ́. Bí LDL àgbàlagbà bá ti tó 190, oògùn ló kàn, jíìnì ni o, jíìnì kọ́ o. Kí ni kí ẹni tí owó ò tó ọwọ́ rẹ̀ tún máa wá jíìnì kiri fún? Kó fi owó náà ra oògùn oṣù mẹ́fà.

* * *

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbà, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó de èsì jíìnì kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bó bá sì jẹ́ pé owó oògùn àti owó jíìnì ló ń du ara wọn nínú àpò kan ṣoṣo, oògùn ni kó borí.

Ìdajì tó kù ni mi ò gbà. Gbogbo LDL tó lé ní 190 kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwádìí kan jáde ní 2016: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí LDL wọn tó 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò pé méjì tó ní àṣìkọ jíìnì yìí. Àwọn yòókù ga láti ọ̀nà mìíràn. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí LDL wọn kò tó 130 tí wọn ò sì ní àṣìkọ. Àwọn tó ga láìní àṣìkọ, ewu àrùn ọkàn wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà. Àwọn tó ga tí wọ́n sì ní àṣìkọ, ìlọ́po 22. Nọ́ńbà lórí ìwé láàbù lè dọ́gba, ewu ò dọ́gba, torí ẹnì kan ti ń gbé nọ́ńbà náà kiri láti ilé ọlẹ̀, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lágbà ni.

Ohun kejì: ẹ̀yin tí ẹ wà ní láàbù mọ̀ pé LDL ọmọdé máa ń wọnú ara wọn. Ọmọ kan lè ní 150, ó ní in. Ọmọ kejì lè ní 150, kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Bí a bá ti mọ ibi tí àṣìkọ ẹbí wọn wà, jíìnì á yà wọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí kò ní in á sì bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ títí ayé.

* * *

Owó gan-an la fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Èyí tó wọ́n ni ti ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí, nítorí ìwé odindi ni wọ́n máa kà. Bí wọ́n bá ti rí àṣìkọ náà, gbogbo ẹlòmíràn nínú ẹbí, ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n máa ṣí. Ìyẹn kò wọ́n bíi ti àkọ́kọ́, kò sì ṣòro túmọ̀: ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí èèyàn mẹ́wàá nínú ẹbí kan bá ń ra àyẹ̀wò itọ́ ní kọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó tí wọ́n ná pa pọ̀ lè tó ti odindi ìwé fún ẹnì kan, wọn ò sì ní rí nǹkan kan mú bọ̀.

Ta wá ni ẹni àkọ́kọ́? Ẹni tó wà láàyè tí ẹ̀rí ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹni tí LDL rẹ̀ ga jù, tàbí tí àrùn ọkàn ti mú kó tó darúgbó, tàbí tó ní kókó lẹ́yìn gìgísẹ̀ tàbí lórí oríkèé ìka. Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù, kì í ṣe ẹni tó lówó lọ́wọ́ jù, kì í sì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ rí ìpolówó. Bí ẹ bá fi ẹni tí kò jogún rẹ̀ ṣáájú, ẹ ti ka ìwé tí kò ní àṣìkọ nínú, ẹ ti náwó, ẹ ò sì mọ nǹkan kan nípa àwọn yòókù.

Bẹ́ẹ̀ ni Netherlands ṣe é láti 1994 di 2013. Bí wọ́n bá ti mọ ẹnì kan, nọ́ọ̀sì á gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀. Èèyàn tó ju 20,000 lọ ni wọ́n fi rí. Slovenia gba ọ̀nà mìíràn: láti 1995 ni wọ́n ti ń wo kọlẹ́sitẹ́róòlù àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọ́n bá wá rí ọmọ tó ga, wọ́n á padà sọ́dọ̀ àwọn òbí. Ọ̀nà méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú tàbí ẹni tó ti ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹni tí ara rẹ̀ le tí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré kan, torí mo ti rí i tó da àwọn mẹ́ta láàmú nísàlẹ̀ níbí. Láàbù kan á kọ 190, òmíràn á kọ 4.9. Ọ̀kan náà ni. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ mg/dL, èkejì mmol/L. Bí ẹ bá fi 38.67 pọ̀ 4.9, ẹ̀ ń sún mọ́ 190. Ẹni tó ń yọ̀ pé ti òun jẹ́ "7 péré" nígbà tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 160, kó jọ̀ọ́ tètè lọ rí dókítà.

Ẹ tún sọ fún wọn ní láàbù bí ẹ bá lóyún, torí oyún máa ń gbé kọlẹ́sitẹ́róòlù sókè fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lo oògùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́, nọ́ńbà tí ẹ máa rí kì í ṣe ti gidi. Bí àìsàn ọkàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú èèyàn lọ́sẹ̀ yẹn, LDL rẹ̀ lè wálẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó máa tanni jẹ. Kí dókítà wo tọ́ọ́rọ́ìdì àti kíndìnrín náà, torí bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, LDL á gòkè láìsí jíìnì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

* * *

Ìyá ọmọ méjì: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rí i lára mi lọ́dún tó kọjá. Ọmọ mi àgbà ti pé 9, àbúrò rẹ̀ pé 4. Ọkọ mi ní ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbádùn èwe wọn, pé oògùn fún ọmọdé kò bójú mu.

* * *

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Wọn ò burú, ìfẹ́ ọmọ ló ń mú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa sọ fún wọn rèé.

Ní Netherlands, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ tó jogún rẹ̀ ní statin, oògùn tó ń fa LDL wálẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ogún ọdún. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ẹni ọdún 39, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ti mú. Àwọn òbí wọn tó ní àṣìkọ kan náà, tí kò sí statin fún wọn léwe? Nígbà tí àwọn náà wà ní 39, 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni. 2019 ni èsì náà jáde. Ẹbí kan náà, jíìnì kan náà.

Ti ọmọ ọdún 9 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí láti ọdún 8 sí 10 ni ọ̀pọ̀ dókítà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn bó bá yẹ. Bí wọ́n bá ti mọ ojú ìwé tí àṣìkọ yín wà, ẹ lè ṣe ti jíìnì fún ẹni ọdún 4 náà nígbàkígbà, kò sí ìkánjú nínú tirẹ̀, àfi bí LDL bàbá wọn náà bá ga. Ṣé ẹ ti wo ti bàbá wọn? Ẹ wò ó o. Mo ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá èsì jíìnì tèmi tètè jáde. Ó jáde, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rí ìyípadà kan nínú LDLR mi, wọ́n kọ ọ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì dájú. Mo náwó, mo dúró, wọ́n sì dá mi lóhùn pé "a ò tíì mọ̀". Inú bí mi. Mo pe láàbù náà, ọmọbìnrin tó gbé fóònù sọ òótọ́ fún mi: púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń fi ṣe àfiwé, ara àwọn tó ti Yúróòpù ṣẹ̀ wá ni wọ́n ti kó o jọ. Bí àṣìkọ tiwa bá jẹ́ èyí tí wọn ò tíì rí rí, wọ́n á kọ "kò dájú". Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i lára àwọn mìíràn, tí àbúrò ìyá mi tí LDL rẹ̀ ga náà sì ti ṣe tirẹ̀ tó bá tèmi mu, wọ́n yí i padà sí "ó ń ṣe jàǹbá". Nítorí náà, bí tiyín bá jáde bẹ́ẹ̀, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì fi yẹ ọmọ yín wò tíì. Ẹ máa bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bóyá ó ti yí padà.

Ohun tó dùn mí ni pé ara àwọn èèyàn dúdú ni ọ̀kan nínú oògùn tó lágbára jù fún àìsàn yìí ti jáde. Helen Hobbs àti Jonathan Cohen ní Texas rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà, bí méjì tàbí mẹ́ta ní àṣìkọ PCSK9 tó ń ṣe wọ́n lóore: LDL wọn fi 28 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀, àrùn ọkàn wọn sì fi 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún 15. 2006 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Láti ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ tó ń dí PCSK9 lọ́wọ́ ti wá, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015. Ẹ̀jẹ̀ wa wúlò fún oògùn, ìwé àfiwé ló kù tí wọn ò tíì kọ wá sí.

* * *

Ti àbúrò rẹ obìnrin tí kò fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó rọrùn ju èyí lọ.

Nígbà tí èsì tèmi dé, mo ṣe àṣìṣe. Mo gbé e sórí WhatsApp ẹbí, gbogbo ènìyàn pátá: "Ìyá wa fún wa ní àìsàn ọkàn, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò." Bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fẹ́ ṣègbéyàwó nígbà náà, ìyàwó rẹ̀ sì rí i pé mo ń pe ilé wọn ní ilé aláìsàn lójú gbogbo àna. Àbúrò ìyá mi ní mo ń fi orúkọ òkú ṣeré. Kò sẹ́nì kan tó lọ sí láàbù.

Ká ní mo mọ̀, ǹ bá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ǹ bá má mẹ́nu kan jíìnì rárá níbẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, LDL mi ga, dókítà ní kí àwọn ọmọ ìyá mi wo tiwọn." Gbólóhùn kan. Ẹ̀jẹ̀ lásán kì í dẹ́rù ba èèyàn bí ọ̀rọ̀ "àjogúnbá". Ẹ sì má sọ pé ìyá tàbí bàbá "fún wa". Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹni tó ní òun ò fẹ́ mọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Mi ò ní fipá mú àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń ní ìdí, ẹ wá ìdí náà. Ti ẹlòmíràn, ó rò pé kò sí oògùn rẹ̀, pé ìdájọ́ ikú ni wọ́n fẹ́ kà sí òun létí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé statin wà, pé ó ti pẹ́, pé àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ń dàgbà dàgbà. Ti ẹlòmíràn, ìkọ̀kọ̀ ni: ta ló máa rí èsì náà? Ìyẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sí ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù méje èèyàn lọ́wọ́ 23andMe, nígbà tó sì di 2025 ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé òun ti wọ gbèsè. Nípa adójútòfò, òfin Amẹ́ríkà ti 2008 kò jẹ́ kí adójútòfò ìlera tàbí agbanisíṣẹ́ fi jíìnì dá èèyàn lẹ́jọ́, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ adójútòfò ẹ̀mí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó tẹ ọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lọ títí di òní. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló dá lọ nígbà tó pé 19, kò sọ fún bàbá rẹ̀. Èmi ló fi èsì hàn.

* * *

Ẹlòmíràn: Statin yẹn ń jẹ iṣan lára. Ọsẹ̀ méjì ni mo lò ó, mi ò lè gun àkàsọ̀ mọ́.

* * *

Mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ìrora iṣan wà, dókítà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìdánwò kan ní 2020 fún 60 èèyàn irú yín gan-an, tí wọ́n ti pa statin tì nítorí ìrora. Oṣù kan wọ́n á lo statin, oṣù mìíràn ayédèrú oògùn, oṣù mìíràn wọn ò ní lo nǹkan kan, wọn ò sì mọ ike tó jẹ́ ti gidi. Nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìrora tí statin ń fà, ayédèrú náà fà á. Ìdajì wọn padà sídìí oògùn lẹ́yìn tí wọ́n rí èsì tiwọn. Ẹ padà lọ bá dókítà, kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Kò tán síbẹ̀.

* * *

Olùbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo padà dé. LDL tèmi jẹ́ 104. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ní láàbù. Mo pe àbúrò mi obìnrin bí ẹ ṣe wí, mi ò mẹ́nu kan jíìnì, mo kàn ní kó bá mi ká lọ, pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí. Ó tẹ̀ lé mi, ó sì ní kí wọ́n fa tòun náà. 262. Ọmọ ọdún 26 ni. Ó ti dákẹ́ láti àná. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n ra ti itọ́ yẹn fún un?

* * *

Rárá. Gbé owó yẹn kalẹ̀, kí ẹ sì wá èyí tó máa ka odindi ìwé fún un, láàbù tí dókítà fi orúkọ sí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́.

Àwọn ará Netherlands ní òṣùwọ̀n kan tí àwọn dókítà ń lò káàkiri. LDL tó wà láàárín 250 sí 329 gba máàkì márùn-ún. Bàbá tí àrùn ọkàn mú kó tó pé 55 gba ẹyọ kan. Ó ti di mẹ́fà, ìyẹn ni pé ó jọ ọ́ gidi gan-an. Ní kó bọ́ bàtà, kó fi ìka méjì tẹ iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ó bá nípọn tàbí tó ní kókó, máàkì mẹ́fà mìíràn nìyẹn, kò sí iyèméjì mọ́, kó sọ ọ́ fún dókítà. Kó bá dókítà sọ̀rọ̀ oògùn lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de jíìnì. Kó tún sọ bó bá ń gbèrò oyún, torí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń dá statin dúró nígbà náà.

Ìwọ ní 104, ó ṣòro kó jẹ́ pé o jogún rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí ojú ìwé náà lára rẹ̀, o lè jẹ́ kí wọ́n ṣí tìrẹ wò kí ọkàn rẹ balẹ̀. Ní báyìí ná, tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, má jẹ́ kó dá lọ. Jẹ́ kó dákẹ́ bó bá fẹ́ dákẹ́.

Àbúrò bàbá yín tó kú ní 51, ṣé ó bímọ? Àti bàbá yín fúnra wọn: ṣé ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni wọ́n bí?